Erékùṣù Ara Kàlẹ́ńdà

Ẹ̀gbọ́n mi, ọdún mẹ́rin pé lónìí tí ẹ ti fi wá sílẹ̀, inú yín sì ń bí mi.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìrántí nìyẹn. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ ní àárò yín ń sọ mí. Àárò yín ń sọ mí. Ó yá, ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ mi.

Ilé dára. Ọmọ yín obìnrin ti bímọ, imú yín gan-an lọmọ náà gbé wáyé. Àbúrò rẹ̀ ti ríṣẹ́, ó sì ti ń sanra. Ṣọ́ọ̀bù fótò yín ṣì ń ṣí láago mẹ́jọ àárọ̀. Aṣọ funfun tí ẹ ta sára ògiri fún fótò pásípọ́ọ̀tù, mo ti pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àpótí onígi tí àwọn oníbàárà ń jókòó lé ṣì ń mì. Mi ò tún un ṣe, torí ẹ̀yin lẹ ní bó bá ń mì, èèyàn á jókòó jẹ́jẹ́.

Ohun tó sú mi ni àwọn ọ̀rẹ́ yín.

Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọ̀rẹ́ yín! Ọdún méjìlélógún lẹ fi kó Olùkọ́ àti Télọ̀ àti Nọ́ọ̀sì kiri, tí èmi ń bá yín ru àpò. Wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Ẹ̀yin fi ọdún méjì lé e. A gun òkè, a dé adágún, a dé ìlú tí a ò ti gbọ́ èdè wọn, mi ò sì rí i rí kí ẹnikẹ́ni bá ẹnìkejì jiyàn. Mo rò pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n.

Èèyàn jẹ́jẹ́ kọ́!

Erékùṣù tí ẹ gé fótò rẹ̀ lára kàlẹ́ńdà, tí ẹ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ló kàn láti lọ kí àìsàn tó dé. Ó ṣì wà níbẹ̀: iyanrìn funfun, igi àgbọn méjì tó tẹ̀ sórí omi, ọkọ̀ ojú omi pupa kékeré kan. Lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ dì mí lọ́wọ́ mú, ẹ ní kí n má jẹ́ kí ìrìnàjò yẹn bọ́ sọnù, kí n kó wọn lọ. Mo ní mo gbọ́. Mi ò mọ ohun tí mo ń gbọ́.

Ọdún kìíní, à ń ṣọ̀fọ̀. Ọdún kejì, Olùkọ́ ya àtẹ àkókò bíi ti ilé ẹ̀kọ́: aago mẹ́fà, jíjí, aago mẹ́fà ààbọ̀, rírìn létí òkun, aago méje, ìsinmi. Ó kọ ìsinmi sínú àtẹ! Télọ̀ ní òun ò fi agogo sinmi rí láyé òun, bó bá jẹ́ pé wọ́n máa lu agogo fún òun, òun á kúkú jókòó sílé. Nọ́ọ̀sì ní òun ò lè wọ ọkọ̀ ojú omi. Mo ṣàlàyé fún un pé ohun tí omi yí ká là ń pè ní erékùṣù. Ó ní kí n ṣáà wádìí bóyá afárá wà.

Ọdún kẹta, Télọ̀ fẹ́ di aṣọ mẹ́rìnlá fún ọjọ́ mẹ́fà, Olùkọ́ sì ní ìgbéraga ni. Ó di ìjà. Télọ̀ jáde nínú ẹgbẹ́ wa orí Wáàsáàpù, oṣù márùn-ún ni kò fi dá Olùkọ́ lóhùn. Àwọn tó kù wá ń fi àwòrán òdòdó kí mi káàárọ̀. Bí mo bá béèrè ọjọ́ tí a ó lọ, òdòdó míì ni wọ́n á fi fèsì. Ta ni mo fẹ́ bá wí? Gbogbo wọn ló jù mí lọ. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni mí, "Kékeré" ni wọ́n ṣì ń pè mí.

Mo sì ń wo orúnkún Olùkọ́. Ọ̀pá ló fi ń rìn báyìí. Bí ọdún yìí bá tún kọjá, kò ní lè wọ ọkọ̀ ojú omi kankan mọ́, àwọn tó kù ò sì ní lọ láìsí i. Á wá jẹ́ pé mo purọ́ fún yín lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn.

Oṣù tó kọjá ni àṣírí yín tú. Ọjọ́ ti kọjá lórí ìwé ìrìnnà wọn níbi tí wọ́n ti ń jiyàn, mo bá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣáà wá ya fótò tuntun. Olùkọ́ ló kọ́kọ́ wá. Ó jókòó sórí àpótí tó ń mì yẹn, ó wo fótò ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó sì mí kanlẹ̀.

"Orí àpótí yìí náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ á gbé mi sí," ó ní. "Á ní, 'Gbogbo wọn ti gbà, ìwọ nìkan ló kù.' Ojú á tì mí, mi ò ní lè sọ pé mi ò lọ."

Mi ò fi ṣe nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì Télọ̀ dé, ó wọ táì tí mi ò ní kó wọ̀. Bí mo ṣe ń bá a gbé àgbọ̀n sókè, ó ń ráhùn pé láyé yín, gbogbo àwọn tó kù á ti gbà kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ òun, òun nìkan ló máa ń kù. Mo gbé kámẹ́rà sílẹ̀. Mo pe Nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, mo bi í bí ẹ ṣe máa ń mú òun náà gbà. Ẹ kúkú mọ ohun tó sọ.

Òpùrọ́ ni yín, ẹ̀gbọ́n! Ẹ má bínú, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi sọ ọ́. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gun òkè yẹn! Kò sẹ́ni tó fẹ́ dé adágún yẹn! Èmi gan-an ò fẹ́, ẹ wá bá mi nídìí ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ fótò, ẹ ní Kékeré, ìwọ nìkan ló kù. Mo ti gbàgbé! Ilẹ̀ ni mo jókòó sí, tí mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún, Télọ̀ sì wà lókè níbẹ̀ tó ṣì gbé àgbọ̀n sókè.

Ẹ gbé iṣẹ́ fún mi, ẹ ò gbé irinṣẹ́ rẹ̀ fún mi. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń bẹ gbogbo wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà!

Mo nu ojú mi, mo dìde. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, gbogbo wọn ti gbà. Ẹ̀yin nìkan ló kù."

Ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó ní ta ni òun tí òun á fi máa dí ẹlòmíì lọ́wọ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Olùkọ́, ó gbà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Nọ́ọ̀sì, ó ní kí n bá òun wá ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì.

Ọjọ́ kẹjọ oṣù tó ń bọ̀ là ń lọ. Olùkọ́ ti ń ya àtẹ mìíràn. Aṣọ Télọ̀ ti di mẹ́rìndínlógún. Wọn á ti bẹ̀rẹ̀ ìjà kí àpò tó kanlẹ̀ ní etí òkun, èmi náà ni n óò sì rù ú.

Lánàá, kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó sórí àpótí yẹn, mo sì tẹjú mọ́ ọkọ̀ pupa tó wà nínú fótò. Àyè èèyàn márùn-ún ló wà níbẹ̀. Mo ti kó wọn jọ bí ẹ ṣe ní kí n kó wọn jọ, ẹ̀gbọ́n mi. Mo nífẹ̀ẹ́ yín, inú yín ì báà máa bí mi títí.

Gbogbo wa ti gbà. Ẹ̀yin nìkan ló kù.