Ọ̀gá Wa Ń Fi "Ẹ" Bá Mi Sọ̀rọ̀

Yàrá kẹrin,
Ilé Àwọn Òṣìṣẹ́,
Lẹ́yìn Ilé Ìwòsàn Orí Òkè.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹfà.

Jẹ́jẹ́ ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lẹ wà nílé? Ìyàwó ńkọ́? Ọmọ yín tó ń hu eyín nígbà tí mo rí yín kẹ́yìn, ṣé kò tíì máa fi eyín náà gé yín jẹ? Orúnkún Màmá ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn? Bá mi kí wọn púpọ̀. Ara tèmi le, a dúpẹ́. Ojú ló ń tì mí. Ó di ọjọ́ mẹ́sàn-án lónìí tí ojú ti ń tì mí, ìwọ nìkan ni mo sì lè sọ ọ́ fún, torí ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà la ti jọ kọ́ṣẹ́.

O mọ̀ pé ilé ìwòsàn gbéṣẹ́ fún mi pé kí n fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn dé ilé ìgbẹ̀bí tó wà ní òdìkejì odò. Kìlómítà mọ́kànlá ni, kò sì sí wáyà kankan láàárín. Àwo kan lórí òrùlé níbí, àwo kan lórí òpó lọ́hùn-ún, kí àwọn méjèèjì kọjú síra wọn gbọingbọin, kí agbẹ̀bí lè máa rí dókítà lójú ẹ̀rọ bí ọ̀rọ̀ aláboyún kan bá le. Èmi nìkan kò lè dúró síbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bá lọ bẹ Ọ̀gá, torí ilé wọn kò jìnnà síbẹ̀. Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀ tán. Wọ́n ní, "Ìwọ Kánjú yìí, o ṣì rántí pé mo mọṣẹ́!" Inú mi dùn, torí ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ orúkọ tí wọ́n sọ mí lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n mú sípánà wọn àtijọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ náà, mo gun òrùlé níbí, Ọ̀gá wà nídìí òpó lọ́hùn-ún. Dókítà àti nọ́ọ̀sì méjì dúró nísàlẹ̀, wọ́n ń wò mí. Mo pe Ọ̀gá lórí fóònù, mo ní, "Ẹ kọjú àwo sókè, sà." Wọ́n ní àwọn ti kọ ọ́. Iná ara ẹ̀rọ, tó ń fi hàn pé àwo méjèèjì ti ríra, ò tàn. Mo ní, "Sókè, sà, sókè dáadáa!" Wọ́n ní àwọn ti tún un kọ. Iná ò tàn. Oòrùn ń jó mi látàrí, dókítà ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Bí mo ṣe pariwo nìyẹn: "Kí ló ń ṣe ọ́ gan-an? Ṣé o ò gbọ́ Yorùbá mọ́ ni?"

Jẹ́jẹ́, Ọ̀gá ni mo pè ní "o". Ọ̀gá tó dàgbà ju bàbá mi lọ, tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di sípánà mú. Fóònù wọn sì ń sọ síta, torí ọwọ́ wọn méjèèjì wà lára òpó. Agbẹ̀bí gbọ́. Àwọn aláboyún tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì gbọ́. Ọ̀gá ní, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ tún un sọ fún mi, sà."

Mo gun alùpùpù lọ bá wọn. Ojú ọ̀run ni àwo ń wò, bí ẹni ń wò ó bóyá òjò máa rọ̀. Ibi tí mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sí gan-an nìyẹn! Òkè tí ilé ìwòsàn wà lèmi ní lọ́kàn. Àwo tẹlifíṣọ̀n ni Ọ̀gá fi gbogbo ayé wọn ṣe, ojú ọ̀run nìyẹn sì máa ń wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe kọ́ wa. Ká ní mo sọ pé "ẹ kọ ọ́ sọ́dọ̀ wa" ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti bùṣe.

Mo dorí àwo wálẹ̀ kọ òkè ilé ìwòsàn, kò tó ìṣẹ́jú kan, iná tàn. Dókítà yọjú lójú ẹ̀rọ, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ó bi mí pé kí ló ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ní, "Wọ́n ṣì í kọ ni, sà." Èyí ni mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá nu sípánà wọn, wọ́n fi sínú àpò.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ bẹ̀ wọ́n. Wọn ò fajú ro. Ṣe ni wọ́n fa àga fún mi: "Ẹ jókòó, sà. Ẹ má da ara yín láàmú, ó ti tán." "Yín" yẹn ló ń gún mi láyà. Bí wọ́n ṣe máa ń kí oníbàárà tí wọn ò mọ̀ rí ni wọ́n ń kí mi.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀hún ń ṣiṣẹ́ o. Lánàá, ibẹ̀ ni dókítà gbà tó fi ń sọ ohun tí agbẹ̀bí máa ṣe fún obìnrin kan tó ń rọbí, tìyá tọmọ sì yè. Gbogbo èèyàn ń kí mi kú iṣẹ́, ó ń ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Mo ti ní kí dókítà jókòó síwájú ẹ̀rọ níbí lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, kí Ọ̀gá àti agbẹ̀bí jókòó lọ́hùn-ún. Màá fẹnu ara mi sọ ọ́ pé èmi ni mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ, tí mo sì di ẹ̀bi rẹ̀ rù wọ́n. Ojú èèyàn ni mo ti bú wọn, ojú èèyàn náà ni màá ti bẹ̀ wọ́n.

Mi ò ní kí o bá mi bẹ̀ wọ́n o. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wọ́n máa ń pè ọ́. Bí wọ́n bá dárúkọ mi, jọ̀ọ́, tẹ́tí dáadáa: ṣé Kánjú ni wọ́n pè mí ni, àbí "ọ̀gá yẹn"? Èyíkéyìí tó bá jẹ́, tètè kọ̀wé sí mi.

Kí gbogbo ilé fún mi.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ,
Kánjú, bí mo bá ṣì ń jẹ́ ẹ.