Ìrọ̀rí Bàbá Rúkà

Ìwó, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú

Bàbá Rúkà, ọmọ yín bímọ lónìí, alihamudulilahi. Ọkùnrin ni. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí.

Nọ́ọ̀sì ní kí Rúkà kúnlẹ̀ lórí ẹní, kó gbé àyà lé ìrọ̀rí, kí ẹ̀yìn má baà dùn ún jù. Ló bá yọ ìrọ̀rí yín nínú báàgì rẹ̀! Èyí tí n kò tíì fọ̀ látìgbà tí ẹ ti fi wá sílẹ̀ lọ sí ọ̀run, kí òórùn yín má baà kúrò lára rẹ̀. N kò mọ ìgbà tó mú un lórí bẹ́ẹ̀dì mi.

Mo já a gbà. "Ẹ̀jẹ̀ á bà á jẹ́!"

Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, èwo lẹ wá gbà, ọmọ ni àbí ìrọ̀rí?"

Rúkà kò bá mi jà. Ìró mi tí wọ́n ká jọ ló gbé àyà lé títí ó fi bí.

Nígbà tí mo gbé ọmọ fún un, ó ní, "Màámi, mo kàn fẹ́ kí Bàbá wà níbẹ̀ ni."

Mo gbé ìrọ̀rí náà símú báyìí. Òórùn káfúrà inú báàgì Rúkà nìkan ni mo gbọ́.

Rúkà mú yín wọ yàrá ìbímọ. Èmi ni mo lé yín jáde.