Àwọn Ọkọ̀ Òfuurufú Bàbá Àìṣátù

Ojúlé 41, Asawase,
Kumasi, Ghana.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, Oṣù Keje, 1983.

Sùwéébátù, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ jẹun nínú àwo kan,

Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìtúnu ààwẹ̀. Ọlọ́run á ṣe é ní ọ̀pọ̀ ọdún fún wa. Ṣé àlàáfíà lẹ wà n'Ílọrin? Ìyá wa ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń jẹ́ kí wọ́n kírun lórí ìdúró? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, àwọn ọmọ náà ńkọ́? Àwa náà ń bẹ láàyè. Ebi ọdún yìí ti bọ́ ẹran lára gbogbo wa. Ìdí ńlá tí o máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nì, ó ti lọ ráúráú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ebi ni mo fẹ́ sọ. Ẹ̀rù ló ń bà mí, Sùwéébátù. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí ẹ̀rù ti ń bà mí, mi ò sì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún níhìn-ín.

Ṣé o rántí ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí àwọn sọ́jà fi ń kọ́ṣẹ́ nígbà tí a wà lọ́mọdé? Èyí tó ní ìjókòó méjì péré, tí akẹ́kọ̀ọ́ á wà níwájú, tí ọ̀gá á wà lẹ́yìn, tó máa ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta lórí Asawase, tí gbogbo wa á máa juwọ́ sí i. Bóyá ìwọ ti gbàgbé rẹ̀. Bàbá Àìṣátù, ọkọ mi, Jùnáídù kan náà tí a jọ lọ ilé kéú, kò gbàgbé ní tiẹ̀. Bó bá ti kọ orúkọ sára lọ́rì tán ní gáréèjì Asafo, tó padà wálé, ọkọ̀ yẹn ló máa ń yà sínú ìwé. Kì í sì í yà á bó ṣe wà o, bó ṣe wù ú kó wà ni. Ó ya èyí tí ikùn rẹ̀ tóbi, tí yóò kó èèyàn lọ sí Mẹ́kà. Ó ya èyí tí yóò máa balẹ̀ sórí omi Bosomtwe. Ó ya èyí tí yóò kó àlùbọ́sà láti Bawku, àti èyí tí yóò da omi sórí iná tó jó oko àwọn èèyàn lọ́dún yìí. Àjàmí ló fi kọ àlàyé sí ìdí gbogbo wọn, Yorùbá tí a fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ, torí ọkùnrin tó ń kọ Òyìnbó gàdàgbà sára lọ́rì yìí, kò lè ka ẹyọ kan níbẹ̀. Mo máa ń bú sẹ́rìn-ín ni. Mo ní kó ya èyí tí yóò bá mi gún fùfú.

Lóṣù tó kọjá, àwọn kan fẹ́ gba ìjọba, kò bọ́ sí i fún wọn. Láti ìgbà náà, ojú gbogbo èèyàn le. Àfi bí Bàbá Àìṣátù ṣe kó ìwé rẹ̀ lọ sí Asafo, tó ń fi han àwọn awakọ̀: "Ọkọ̀ mi rèé, ọkọ̀ mi rèé." Yaw tó ń ta táyà wà nítòsí. Ìwọ náà mọ̀ pé ogun ni Twi ń pè ní ɔko. Yaw rí ọkọ̀ òfuurufú sọ́jà, ó rí ìwé tí kò lè kà, etí rẹ̀ sì ń gbọ́ ogun, ogun, ogun. Ó lọ sọ fún àwọn sọ́jà. Wọ́n wá mú ọkọ mi lọ́sàn-án gangan.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ránṣẹ́ sí mi. Ààwẹ̀ wà lẹ́nu mi, itọ́ ti gbẹ pátápátá. Ọ̀gá wọn tẹ́ àwọn ìwé náà sórí tábìlì, ó sì pe sọ́jà Hausa kan tó mọ Lárúbáwá kà. Lẹ́tà ni ó mọ̀, kò gbọ́ Yorùbá. Yéè, Sùwéébátù, ó ń ka Yorùbá bí ẹni ń ka súrà! Ó fa "àlùbọ́sà" títí, ó kù díẹ̀ kí n ṣe àmín. Bó bá kà á, èmi a sọ ọ́ ní Twi fún ọ̀gá náà. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, mo ti ń sọ nínú mi pé ó ti parí.

Ló bá fa ọ̀kan yọ nísàlẹ̀, èyí tí mi ò rí rí. Nǹkan gígùn méjì so mọ́ abẹ́ apá rẹ̀, ẹnu wọn rí ṣóńṣó. Sọ́jà náà kà á: "Èyí ni ti ugun."

O mọ àjàmí, kò ní àmì ohùn, u náà la sì fi ń kọ o. Ó lè jẹ́ ogún, ó lè jẹ́ oògùn, ó lè jẹ́ ogun. Ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tó wà lábẹ́ apá yẹn, mo mọ èyí tó jẹ́. Mo ní, "Aduro." Oògùn ni, ọ̀gá, àpótí oògùn ni, tí yóò máa gbé lọ sí abúlé tí kò ní dókítà. Irọ́ nínú ààwẹ̀! Kí Ọlọ́run forí jì mí. Ọ̀gá náà wò mí títí. Ó ní kí n kọjú sí ògiri, ó sì ní kí wọ́n mú ọkọ mi wọlé. Ó bi í pé kí ni èyí. Mo di ojú mi. Mo gbọ́ tó ní, "Aduro."

Wọ́n ní ká máa lọ. A rìn dé Ashanti New Town. Mo bi í pé kí ló kọ síbẹ̀ gan-an. Ó ní ogun ni. Ó ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n fi òun sí, òun ń gbọ́ mi ketekete. Ó ní lọ́dún tí ìjọba ní kí àlejò kúrò nílùú, ọdún tí ẹ̀yin náà lọ, bí ìyá òun ṣe kú lórí ẹrù nínú lọ́rì kí wọ́n tó dé Togo, àwọn kan dúró lẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Òun kò ní í pa ẹnikẹ́ni, ọwọ́ òun ló ṣáà yà á. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń bá a gbé, mi ò mọ̀ pé irú èyí wà nínú rẹ̀. Kí n má purọ́ fún ọ, òun alára ń bà mí lẹ́rù díẹ̀.

Wọ́n dá gbogbo ìwé padà àfi ẹyọ yẹn. Inú ọ̀gá náà dùn sí i! Ó ní irú ọkọ̀ oògùn bẹ́ẹ̀ ni ìlú nílò, òun yóò fi han àwọn ọ̀gá òun ní Accra. Accra tí Yorùbá kún fọ́fọ́! Ẹyọ ẹnì kan tó lọ ilé kéú ló kù kó fojú kàn án. Mo ní ká sá, Bàbá Àìṣátù ní ẹni tó bá sá ló jẹ̀bi. Ó wà níwájú mi báyìí, ó ń ya ọkọ̀ oògùn tòótọ́ tọ́wọ́tẹsẹ̀, kí ó lè rí nǹkan fi hàn bí wọ́n bá dé. Ó ń bi mí bí àpótí wọ̀nyẹn ṣe rí.

Jọ̀ọ́, gba àwọn ọmọ mi mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Àlímì awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá ń padà bọ̀ níbí lópin oṣù. Bó o bá gbà, sọ fún un, yóò kó wọn wá. Bá mi kí Ìyá wa, má sọ ohunkóhun fún wọn o. Bó o bá kà á tán, sun ún. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi ọ́ ohun tí Jùnáídù ń yà, oògùn ni. Fi ohùn sí i dáadáa.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kò rí oorun sùn,
Wúlẹ̀mọ̀tù.