Ìyá Mi, Ọkọ̀ Pupa Yẹn Kì Í Ṣe Tèmi

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti ibi tí mo wà yìí. Ẹ kú oòrùn o, ẹ kú ìjókòó ìta. Mo kí Sìkírá, àbúrò mi, tí ó ń bá mi tọ́jú yín. Mo kí Ààfáà àdúgbò wa. Mo kí gbogbo agbo ilé wa ní Ẹdẹ, lọ́mọdé lágbà, pàápàá jù lọ gbogbo ẹni tí ó jẹ nínú mọ́sà tí ẹ dín nítorí ọkọ̀ mi. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀?

Ẹ má bínú pé gbangba ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, níbi tí ará Ẹdẹ nílé lóko ti lè kà á. Mo ti bá yín sọ ọ́ lórí fóònù títí, ẹ kò gbà mí gbọ́. Ìgbàkígbà tí mo bá ti sọ pé ọkọ̀ yẹn kì í ṣe tèmi, ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní ó ti yé yín. Sìkírá wá sọ fún mi pé bí mo bá ti gbé fóònù sílẹ̀ báyìí, ẹ ó máa yìn mí pé ọmọ yín gbọ́n, ó mọ bí a ṣe ń fi nǹkan pa mọ́ fún aráyé. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Òtítọ́ tèmi ń sáré, kò bá nǹkan kan. Bí mo bá sì ń sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, ṣe ni yóò máa dà bíi pé mò ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n sọ ọ́ lójú gbogbo ayé, kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe pé mò ń bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Mi ò ní ọkọ̀, ìyá mi. Ọkọ̀ pupa tí ẹ rí mi nínú rẹ̀, oníbàárà ló ni ín.

Ẹ mọ̀ pé ilé ìtajà ọkọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n bóyá mi ò tíì ṣàlàyé iṣẹ́ náà kó yé yín. Èmi kọ́ ni mò ń ta ọkọ̀. Bí ọkọ̀ tuntun bá dé lórí ọkọ̀ akẹ́rù, èmi ni màá bó ọ̀rá tí wọ́n fi wé e, tí màá fọ̀ ọ́, tí màá nù ún, tí màá tún un nù, títí ẹni tí ó ni ín yóò fi rí eyín ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Òjò ibí yìí kì í rọ̀ bí òjò tiwa kó parí. Yóò máa ṣe wínníwínní láti àárọ̀ títí di alẹ́, omi tí mo sì fi ń fọ ọkọ̀ a máa tutù débi pé mi ò ní mọ̀ bóyá ìka mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Oòrùn a máa pẹ́ kó tó yọjú. Bó bá tilẹ̀ yọ, kò lè gbẹ aṣọ.

Síbẹ̀ mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà, ojú sì ń tì mí láti sọ bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó. Ọkọ̀ asáré ni wọ́n ń tà, irú èyí tó rẹlẹ̀ mọ́lẹ̀ tó jẹ́ pé ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ ní láti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó tó wọ inú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti kéde pé tuntun kan ń bọ̀, mi ò ní lè sùn dáadáa mọ́. Màá máa wo fídíò rẹ̀, màá máa gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lórí fóònù, màá mọ bó ṣe ń yípo kọ́nà àti bó ṣe tètè ń dúró. Kí ọkọ̀ náà tó dé ṣọ́ọ̀bù wa, mo ti mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ àbúrò rẹ̀. Ọjọ́ tó bá sì dé gan-an ni àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń bi mí ní ìbéèrè, tí wọ́n máa ń fẹ́ gbọ́ ohun tí mo rí sí i. Àwọn ọjọ́ yòókù, wọn a kí mi, wọn a kọjá lọ. Nínú yàrá mi, kò sí ẹni tí yóò sọ pé ẹ kú iṣẹ́.

Ẹ̀yin náà mọ ibi tí àrùn yìí ti ràn mí. Bàbá wa, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn, tí wọ́n fi ọkọ̀ akérò ná Ẹdẹ sí Awo títí ẹsẹ̀ wọn fi kọ̀, ṣebí wọn kò ní ohun méjì tí wọ́n ń bá mi sọ ju ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Abẹ́ igi àgbálùmọ̀ tí wọ́n gbìn síwájú ilé ni wọ́n ti máa ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n á ní kí n tẹ́tí, kí n sọ ibi tó ń dùn ún. Bí ọkọ̀ tuntun bá kọjá lójú títì, wọ́n á dá iṣẹ́ dúró, a ó jọ máa wò ó títí yóò fi pòórá lójú wa. Nítorí náà, bí ọkọ̀ pupa yẹn ṣe balẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù wa lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ yẹn, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ìlú tí mo wà yìí, ọkàn mi lọ sí iwájú ilé wa. Bàbá kò sí láti pè, mo bá pè yín lórí fídíò.

Ẹ rántí ọjọ́ náà. Mo jókòó sínú rẹ̀ láti gbé e wọlé, mo ní kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, mo sì tẹ bọ́tìnnì. Ẹ pariwo, ẹ pe Sìkírá, ẹ ní Ọlọ́run tóbi. Ohùn ẹ́ńjìnnì ti bo ohùn yín, mi ò gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ wí, èmi náà sáà ń dáhùn pé Ọlọ́run tóbi. Mo fi hàn yín pé ẹ̀yìn ìjókòó ni ẹ́ńjìnnì wà. Ẹ bi mí pé níbo ni wọ́n wá ń kó ẹrù sí. Ẹ bi mí pé ènìyàn mélòó ló lè jókòó níbẹ̀, mo ní méjì péré. Ẹ ní méjì náà tó, èmi àti ẹ̀yin. Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà lẹ ń ṣe.

Inú dídùn ní í mórí yá, ẹnu mi kò sì dúró. Mo ṣàlàyé fún yín bí a ṣe ń tọ́jú ọ̀dà ara rẹ̀, pé a kì í gbé e sábẹ́ igi láéláé, pé ìgbẹ́ ẹyẹ a máa jẹ ọ̀dà rẹ̀, pé oje igi kì í ṣí lára rẹ̀. Mo ń sọ ọ́ bí olówó ọkọ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, ìyá mi. Mi ò mọ̀ pé ẹ ń fi gbogbo rẹ̀ sọ́kàn.

Lẹ́yìn èyí ni mo gbé fọ́tò ara mi nínú ọkọ̀ náà sórí sítétọ́ọ̀sì Wáàsáàpù mi, tí mo kọ Àlùhámúdúlílàhí sábẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo ń dúpẹ́ lé lórí ni pé ọwọ́ mi kan irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Ẹdẹ ni mí, ó yẹ kí n mọ̀. Ta ló ń kọ Àlùhámúdúlílàhí sábẹ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ní ìlú wa?

Nígbà tí fídíò sàráà tí ẹ ṣe nítorí ọkọ̀ náà yóò fi dé ọ̀dọ̀ mi, ọ̀rọ̀ ti kọjá àtúnṣe. Mo rí mọ́sà, mo rí àkàrà, mo rí àwọn ìyá agbo ilé tí wọ́n ń jó. Nítorí pé ọkọ̀ kò sí nílẹ̀, ẹ gbé fóònù tí fọ́tò mi wà nínú rẹ̀ sórí ẹní, Ààfáà sì ń ṣe àdúà sí i. Ẹ bu omi tútù, ẹ ń wọ́n ọn síwájú ilé, níbi tí ẹ fojú wò pé táyà yóò dúró sí. Ààfáà ní kí ọkọ̀ náà má rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, gbogbo yín ní àmín. Mo wà nínú yàrá mi, èmi náà ní àmín. Kí ni ǹ bá tún sọ?

Ibi tí mo ti jẹ̀bi nìyí, mi ò ní fi bò. Ó yẹ kí n pè yín lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkíni ń wọlé lórí fóònù mi. Àwọn tí wọ́n ti gbàgbé orúkọ mi ń pè mí ní Àlàájì, èmi tí mi ò tíì fẹsẹ̀ kan Mẹ́kà. Wọ́n ń kí mi kú oríire, ó sì ń dùn mọ́ mi. Mo jẹ́ kó dùn mọ́ mi fún bí ọjọ́ mélòó kan, mo ń sọ fún ara mi pé iṣẹ́ ló pọ̀ tí mi ò fi ráyè pè. Nígbà tí mo wá pè, ẹ ti pinnu ohun tí ẹ fẹ́ gbà gbọ́.

Láti ìgbà náà, gbogbo oore tí ẹ ń ṣe mí ń gún mi lọ́kàn. Mo fi owó oògùn orúnkún yín ránṣẹ́, ẹ ní kí Sìkírá dá a padà, kí n fi ra epo sí ọkọ̀, pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ á máa mu epo. Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin ń fi orúnkún yín ra epo sí ọkọ̀ tí ó ti lọ sí ilé olówó rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó ni ín ti wá gbé e. Bàbá arúgbó kan ni, ó dá wá, kò sí ẹni tó sìn ín. Nígbà tí mò ń fún un ní kọ́kọ́rọ́, mi ò mọ ohun tó ṣe mí, mo sọ fún un pé wọ́n ti ṣe àdúà sí ọkọ̀ yìí ní ìlú mi. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó wá bi mí ohun tí wọ́n sọ nínú àdúà náà, mo tú u fún un bí mo ṣe lè tú u. Ó ní òun ti ra ọkọ̀ púpọ̀ láyé òun, ẹnì kan kò ṣàdúà sí ọ̀kan rí, ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi. Mo ti jẹ́ iṣẹ́ náà báyìí. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ jẹ mọ́sà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé òun fẹ́ pọ̀ ọ́. Àdúà yín rí orí tó bà lé.

Mo rò pé ẹ̀rín la ó fi parí ọ̀rọ̀ náà, títí Sìkírá fi fi fídíò ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ránṣẹ́. Ó fẹ́ fi aṣọ tuntun tí ó rán hàn mí ni. Mo rí iwájú ilé wa lẹ́yìn rẹ̀, mi ò mọ̀ pé ilé wa ni. Ojú ọ̀run ti pọ̀ jù níbẹ̀. Mo bi í pé igi àgbálùmọ̀ dà. Ó ní ẹ ti pe onírẹ́ńrẹ́ń tó ń fi ayùn ẹlẹ́ńjìnnì gé igi, wọ́n ti gé e, nítorí ìgbẹ́ ẹyẹ àti oje tí mo ní yóò ba ọkọ̀ jẹ́. Ó ní àwọn ará ilé bẹ̀ yín pé kí ẹ fi í sílẹ̀, ẹ ní bí Bàbá bá wà láyé, àwọn fúnra wọn ni yóò gé e fún ọkọ̀ ọmọ wọn. Mo ní kó yí fóònù síbẹ̀. Oje funfun ṣì wà lára kùkùté náà.

Ẹnu mi ló gé igi bàbá mi. Kì í ṣe ẹ̀yin, ìyá mi. Ẹ̀yin gbọ́ràn sí ọmọ yín lẹ́nu ni.

Sìkírá tún sọ ọ̀kan tí kò fẹ́ sọ. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti gé e, bí ẹ bá ti kírun Àílá ọ̀sán tán, ẹ ó gbé àpótí yín síbi tí ẹ ti máa ń jókòó tẹ́lẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté, ẹ ó kọjú sí ọ̀nà gáréèjì. Kò sí ìbòòji níbẹ̀ mọ́. Ẹ ó fi ìborùn bo orí, ẹ ó ní ọmọ yín kò ní dá ọjọ́ fún yín, yóò kàn gbé ọkọ̀ rẹ̀ yọ lójijì ni. Oòrùn tí mò ń wá kiri níbí kò wúlò fún nǹkan kan níbẹ̀, orí yín ló ń pa.

Mo ti gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, nílé ni màá ti ṣe Iléyá. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni yóò gbé mi láti gáréèjì, ariwo rẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n hú kùkùté náà, bóyá yóò rúwé. Màá fi imọ̀ ọ̀pẹ pa àtíbàbà síbẹ̀, màá gbin ọmọ àgbálùmọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a ó sì gbé àpótí méjì sábẹ́ rẹ̀, èmi àti ẹ̀yin, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti wí.

Kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà. Kí orúnkún yín máa gbé yín. Kí ó ṣíji bò yín títí màá fi dé. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ bá mi kí ẹni tó bèèrè mi àti ẹni tí kò bèèrè. Ìyá mi, ọkọ̀ kankan kò bọ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Èmi ni mò ń bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé àpótí yín wọlé, ẹ kúrò nínú oòrùn.

Èmi ni ọmọ yín,
Mùfútàù