Egregor, Ọkọ Ọmọ Tí N Kò Fojú Rí

                                        Ojúlé Kẹsàn-án,
                                        Òpópónà Sadovaya,
                                        Syzran.
                                        18 Oṣù Kẹwàá, 2011.

Zoya, àbúrò mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ńkọ́, ṣé ó ti ń wọ bàtà? Ọkọ rẹ àti àwọn ìbejì ńkọ́? Èmi náà wà, ọ̀rọ̀ Inessa ọmọ mi nìkan ni kò jẹ́ n gbádùn.

Mo pè é pé kó wá bá mi hú ọ̀dùnkún lóko, bí a ti ń ṣe lọ́dọọdún. Ó ní òun kò lè wá, pé Egregor kò fẹ́. Mo ní, "Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Ó ní, "Màmá, òun ló ń fún mi lágbára. Tí mo bá ti ń ronú nípa rẹ̀, ara mi á yá gágá." Ìwọ náà gbọ́! Ẹni ọgbọ̀n ọdún tí kò tíì lọ́kọ, kí ni kí n rò? Mo ní ọmọ Armenia ni, àwọn ló ń jẹ́ Grigor. Mo kọ́kọ́ sunkún, mo wá rántí pé wọ́n máa ń tọ́jú ìyàwó. Mo di kùkúmbà tí mo rẹ sómi iyọ̀, mo wọ bọ́ọ̀sì, ó di Samara tí Inessa ń gbé.

Aládùúgbò rẹ̀ ló júwe ibi tó wà fún mi. Nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìfọṣọ ni mo ti bá òun àtàwọn àgbàlagbà bíi tirẹ̀, wọ́n jókòó yíká, wọ́n dijú. Mo kí wọn, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú yín ni Egregor? Èmi ni ìyá ìyàwó."

Ẹ̀rín! Obìnrin kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Inessa ní, "Màmá, ẹ ti pa mí!" Ọ̀gá wọn, Albert Vikentyevich onírùngbọ̀n, kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní Egregor kì í ṣe ènìyàn, pé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá pa èrò pọ̀ ló ń di alààyè, èrò àti ìbẹ̀rù wọn ló sì ń jẹ. Ilé iṣẹ́ ní tirẹ̀, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ní tirẹ̀, ẹbí náà ní tirẹ̀.

Mo ní, "Kò wá ní jẹ kùkúmbà nìyẹn?"

Ó ní ti ẹgbẹ́ àwọn ló ń fún Inessa lágbára, ṣùgbọ́n ti ẹbí wa ló ń fà á mu gbẹ, pé àníyàn tí mo ń ṣe lórí rẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, wọn yóò gé okùn tó so ó mọ́ wa. Láti ọjọ́ yẹn, kò ní pè mí mọ́, kò sì ní wá sílé mọ́ láéláé.

Mo ní, "Inessa, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Kò wò mí lójú. "Màmá, ẹ ò jẹ́ n sinmi. Láàárọ̀, ṣé mo ti jẹun? Lálẹ́, ṣé mo dé fìlà?"

Mo ní kí wọ́n má wulẹ̀ wá ọ̀bẹ kiri. Tó bá jẹ́ àníyàn mi ló ń jẹ, màá febi pa á. Mo gbé kùkúmbà mi, mo padà sílé. N kò pè é. Òtútù bẹ̀rẹ̀, n kò béèrè ohunkóhun. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni mo ti fóònù mọ́ kí ọwọ́ mi má baà ṣìṣe.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó dún. "Màmá! Kí ló ṣe yín? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò pè mí?"

Mo ní kò sóhun tó ṣe mí.

"Irọ́ ni! Ohùn yín kọ́ nìyẹn. Ṣé ẹ ti jẹun? Ta ló wà lọ́dọ̀ yín?" Ó gé fóònù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ń kan ilẹ̀kùn.

Láti ìgbà náà, kò jẹ́ kí n dìde. Ó da bùláńkẹ́ẹ̀tì bò mí, ó ń fi ṣíbí bu ọbẹ̀ sí mi lẹ́nu. Lọ́jọ́ Àìkú, Albert pè é pé gbogbo wọn ti jókòó. Ó ní, "Ẹ máa gé tiyín lọ, màmá mi ò gbádùn."

Bó ṣe jáde lọ ra wàrà ni mo fi ráyè kọ̀wé yìí. Ara mi le bí òkúta, Zoya. Tó bá pè ọ́ láti béèrè nípa ara mi, jọ̀ọ́, sọ fún un pé ó ń rẹ̀ mí díẹ̀díẹ̀.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì gbá àwọn ìbejì mọ́ra fún mi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tí wọ́n fi tipátipá sọ di aláìsàn,
Klavdia.