Igo Ọlárónkẹ́ Kò Parọ́

Ilé Ọláìyá,
Rore, nítòsí Òmù-Àrán,
Ìpínlẹ̀ Kwara.
14 Oṣù Kẹwàá, 1986.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Aṣèdánwò Kẹ́mísìrì,
Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga Òkè-Ayọ̀,
Ìlọrin.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ PA “IRỌ́ NI” RẸ́ LÓRÍ IṢẸ́ OLÓÒGBÉ RÚÙTÙ ỌLÁRÓNKẸ́ ỌLÁÌYÁ

1. Èmi ni bàbá Ọlárónkẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ yín tó wà ní ọdún àṣekágbá.

2. Iṣẹ́ tó ṣe dá lórí bàbà tí a pò mọ́ èròjà mìíràn. Bó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, ó máa ń pupa nínú igo tí a dé pinpin. Bí afẹ́fẹ́ bá kàn án, àwọn ohun tó di bàbà náà mú a tẹ́ pẹrẹsẹ, àwọ̀ rẹ̀ a sì di ti ewé. Omi ọsàn ló ń dá a padà sí pupa. Ọsàn oko wa ló lò, nítorí kẹ́míkà òkè òkun ti di ọ̀wọ́n gógó.

3. Nígbà tí wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ní oṣù Karùn-ún, ó kó igo mẹ́fà wá sílé. Márùn-ún lẹ béèrè nígbà tí ẹ wọlé padà, ó sì dì wọ́n sínú páálí. Ọmọ ẹlẹ́mu ni mí. Tí kèrègbè ẹmu bá fẹ́ wọkọ̀, a kì í dé e pinpin, kí ooru má baà bẹ́ ẹ. Mo dẹ ìdérí igo márààrún díẹ̀. Mo rò pé mo ń bá a tọ́jú wọn ni. N kò sọ fún un.

4. Ẹ rí àwọ̀ ewé níbi tó kọ pupa sí. Ó bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ kí òun fún ọsàn sí i. Ẹ ní ibi ìdánwò kì í ṣe ibi jíjẹ ọsàn, ẹ sì kọ “Irọ́ ni” sórí iṣẹ́ rẹ̀.

5. Ó délé, ó ń bá ara rẹ̀ wí ṣáá pé òun ni kò dé igo dáadáa. Mo jókòó tì í. Ojú ń tì mí. Mo ní bó bá sinmi tán, màá sọ ọ́. Ibà mú un ní oṣù Kẹjọ. Kò lo ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó kú láìmọ̀ pé ọwọ́ bàbá òun ló dẹ ìdérí.

6. Tíṣà Ambrose, tó ń kọ́ni ní kẹ́mísìrì nítòsí wa, ka ìwé iṣẹ́ Ọlárónkẹ́, ó sì fún ọsàn sínú ọ̀kan nínú àwọn igo tí ọmọ mi kó bọ̀ láti ibi ìdánwò. Ó pupa lójú wa. Ìyá Ọlárónkẹ́ bú sẹ́kún.

7. N kò wá ìwé-ẹ̀rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́. Bí ẹ bá ní láti kọ ẹ̀bi sílẹ̀, orúkọ mi ni kí ẹ kọ. Igo kẹfà ṣì wà nínú àpótí aṣọ Ọlárónkẹ́. Ó pupa, ó dé pinpin bó ṣe fọwọ́ ara rẹ̀ dé e. Ẹ rán ẹnì kan kó wá ṣí i. Èmi kò ní fọwọ́ kàn án.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìparí.

Èmi ni tiyín nínú ọ̀fọ̀,
Sámúẹ́lì Ọláìyá,
Àgbẹ̀ àti Akọ̀wé Ìjọ.