Ta Ni Yóò Máa Yí Ràfátù Sí Ẹ̀gbẹ́ Kejì?

Ìyá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Músá, mo kí gbogbo agboolé wa ní Ṣakí.

Ẹ mọ ohun tójú mi rí kí n tó di Àlájì Onípákó ní Moniya. Mo fi orí ru pákó títí àárín orí mi fi pá. Abẹ́ ọkọ̀ gẹdú ni mo ń sùn. Gáàrì gbígbẹ ni mo fi ń ṣínu nínú ààwẹ̀. Igi wó lé mi lẹ́sẹ̀, mo dìde. N ò kàwé, ṣùgbọ́n kò sí ilé gidi kan ní àdúgbò yìí tí pákó mi ò sí lórí rẹ̀. Èyí tó dé yìí ló fẹ́ borí mi.

Ràfátù ìyàwó mi ṣì wà ní ọsibítù látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọ lù ú. Kò lè yí ara rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ti ń dégbò. Nọ́ọ̀sì kékeré kan níbẹ̀, Fúnmi, ọmọ ìjọ Kérúbù, ní àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti yẹ ọ̀rọ̀ egbò bẹ́ẹ̀ wò dáadáa, pé kí wọ́n má fọwọ́ ra ibi tó bá pọ́n lára aláìsàn mọ́, pé ńṣe ló ń ba ẹran ara jẹ́. Kí wọ́n máa yí i lóòrèkóòrè ni. Mátírọ́nù, ọ̀gá wọn, bi í lójú mi pé ṣé kí ìyá rẹ̀ tó lọ́kọ ni òun ti ń fọwọ́ ra ìdí aláìsàn, àbí lẹ́yìn náà. Ó ní sìpíríìtì àti páúdà ni wọ́n fi ń ra ìdí aláìsàn ní wọ́ọ̀dù òun, ẹni tó bá fẹ́ ti ìwé kó padà síléèwé. Fúnmi bẹ̀ ẹ́, ó sì gbé ìgò sìpíríìtì.

Mo lọ bá Mátírọ́nù, mo ní mo lè ra bẹ́ẹ̀dì tuntun fún gbogbo wọ́ọ̀dù, kí wọ́n ṣáà máa yí i. Ó ní kí n lọ fowó mi ra pákó. Dókítà ní ọ̀rọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì ni, òun ò dá sí i. Fúnmi sọ fún mi lábẹ́lẹ̀ pé bí iṣẹ́ alẹ́ bá kan òun, tí Mátírọ́nù ti lọ sílé, òun nìkan ló ń tọ́jú wọ́ọ̀dù náà, apá òun ò sì ká àtimáa yí aláìsàn, pé ohun tí òun kọ́ ti ń kúrò lórí òun, torí kò síbi tí òun ti ń lò ó.

Ọyẹ́ ti dé, ètè Ràfátù ti là. Òórùn egbò rẹ̀ ti mọ́ aṣọ mi lára. Ilé alájà méjì tí mo fi ń yangàn, èmi nìkan ni mò ń jẹun níbẹ̀. Ìyá mi, ọkàn mi ò sọ fún mi pé ó máa padà wálé.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Ẹ bá mi kí àwọn ìyá gbogbo, kí wọ́n ṣàdúà.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, Fúnmi máa bọ́ sí iṣẹ́ alẹ́, kò ní lé mi jáde. Mo máa ti ìsọ̀ pákó, mo máa tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà. Ó ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yí i, tí wọ́n á fi ìrọ̀rí sáàárín orúnkún. Apá tó gbé gẹdú ni màá fi gbé e, díẹ̀díẹ̀, títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ọmọ yín,
Làsísì